Ẹsẹ̀ Òsì Arákùnrin Casimiro

Ohun kan ṣoṣo ni Arákùnrin Casimiro ń tọrọ láyé: kí wọ́n sin òun sínú ihò egungun tó wà lábẹ́ ilé àwa mọ́ńkì, àwa tá a jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run tá ò gbéyàwó, ní Lima. Ibẹ̀ ló ti lo ayé rẹ̀, tó ń to egungun àwọn òkú àtijọ́, itan pẹ̀lú itan, agbárí pẹ̀lú agbárí. Ó fẹ́ràn wọn ju àwa tá a jọ ń jẹun lọ. Bàbá Evaristo, olórí wa, kò gbà.

"Ìjọba ò gbà ká sin òkú síbẹ̀ mọ́. Itẹ́ òkú ìlú lẹ̀ ń lọ, inú ògiri tí wọ́n ń ti òkú bọ̀."

"Ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀ nínú ògiri, Bàbá?"

"Òkú kì í sọ̀rọ̀."

"Ti ìsàlẹ̀ yìí ń sọ ọ́."

Àtọ̀gbẹ wá bá a lẹ́sẹ̀ jà, wọ́n gé ti òsì láti orí itan. Casimiro bẹ dókítà títí ó fi gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ló bá gbé e wá bá èmi Nicanor, alásè ilé, pé kí n bá òun fi sí fìrísà.

Inú bí mi. "Arákùnrin, ẹran ọdún ló wà níbẹ̀."

"Ṣé igi ni tèmi ni?"

Omi ti ń dà lójú rẹ̀. Àánú ṣe mí, mo tì í sábẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, Bàbá Evaristo wá fojú ara rẹ̀ wo ẹran. Ó pẹ́ lẹ́nu fìrísà.

"Nicanor, ẹlẹ́dẹ̀ wo ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀?"

"Ti Arákùnrin Casimiro ni, Bàbá."

"Casimiro ra ẹlẹ́dẹ̀?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ wọn ni."

Ó jókòó lórí àpò ànàmọ́. "Gbé e kúrò nídìí oúnjẹ mi."

"Síbo? Òkú ni wọ́n ń gbà ní itẹ́ òkú ìlú. Ẹni tó ni eléyìí ṣì ń jẹun."

Bàbá dìde kúrò lórí àpò. "Òkú nìjọba sọ," ó ní. "Wọn ò mẹ́nu kan ẹsẹ̀."

Bá a ṣe gbé e lọ sí ihò àwọn itan nísàlẹ̀ ilé nìyẹn, tá a da ẹfun lé e kó má bàa rùn. Bàbá gbàdúrà òkú. Casimiro lórí kẹ̀kẹ́ arọ ló ṣe Àmín tó ròkè jù. Ayọ̀ pa á lẹ́kún.

"Ṣó tẹ́ yín lọ́rùn báyìí?" ni Bàbá bi í.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, Bàbá. Àmọ́ dókítà ní ti ọ̀tún náà ò dáa mọ́." Ó yíjú sí mi. "Nicanor, ṣé àyè ṣì wà nínú fìrísà?"