Ẹnu Tó Ń Fẹ́ Ojú Ìlà

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ìyàwó káfíńtà fi jókòó sórí àpótí kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, tó ń fi ẹnu fẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lójú ìlà.

Ẹ̀rọ ayùn ọ̀hún ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ayùn inú rẹ̀ kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ, á máa lọ sókè sódò wìrìwìrì bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Òun ni káfíńtà fi ń gé ohun gbogbo tó bá rí kọ́lọkọ̀lọ: ewé, ẹyẹ, òdòdó ara férémù aago. Nígbà tí wọ́n rà á, róbà kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn síwájú ayùn, kí lẹ́búlẹ́bú má baà bo ìlà pẹ́ńsù mọ́lẹ̀. Róbà yẹn gbó, ó ya, wọn kò sì rí irú rẹ̀ mọ́. Káfíńtà wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ẹ títí àyà rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Bó bá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìgbà yẹn ni ìyàwó fa àpótí sún mọ́ ọn.

"Ìwọ náà ti di káfíńtà nìyẹn," ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹnu tí mo fi ń bá yín jà náà ni mo fẹ́ fi ràn yín lọ́wọ́," ìyàwó dá a lóhùn. "Ẹ dúpẹ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọkọ bá gé e tó bí ìwọ̀n ìka méjì, á ní, "Fẹ́ ẹ." Ìyàwó á fẹ́ ẹ fùú, ìlà á yọ, ayùn á tún máa lọ. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Ìyàwó ti mọ ìgbà tó yẹ, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé omi orí iná fẹ́ hó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ ẹ tán, ọkọ rẹ̀ ní, "Fẹ́ ẹ."

"Mo ti fẹ́ ẹ."

"O ò fẹ́ ẹ dáadáa. Lẹ́búlẹ́bú ṣì pọ̀ níbẹ̀."

Ìyàwó wo pákó. Ojú ìlà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú ọ̀hún dára, kò pọ́n, kò wú, àmọ́ ibi tó ń wò kọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Ó tún rọra fẹ́ ẹ.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ọkọ rẹ̀ wí, "ó ti wá mọ́ báyìí." Ó sì tẹ̀síwájú.

Nǹkan sọ sí ìyàwó lọ́kàn. Ó yí ẹnu díẹ̀, ó fẹ́ èémí sí ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí kò sí ìlà kankan. Wẹ́rẹ́, káfíńtà yí pákó sọ́tùn-ún. Ó fẹ́ ẹ sósì, pákó yí sósì. Ìka tí ọkọ rẹ̀ fi di pákó mú ló ń gbọ́ èémí, ibi tí èémí bá kàn ló ń darí pákó sí. Ojú ti kúrò nínú iṣẹ́ náà tipẹ́.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Pẹ́ńtà kan wà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò lò tó ọdún kan sí i. Ọjọ́ tí wọ́n ti ibi ìsìnkú rẹ̀ dé, káfíńtà bọ́ bàtà, ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ yìí kúrò níwájú mi, kí wọ́n yáa wọn ìwọ̀n pósí mi dání." Ìyàwó kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Láti ìgbà náà, ẹnu rẹ̀ ló ń gé pákó. Ó kọ́ bí èèyàn ṣe ń pọ́n igun ewé àti bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀yìn ẹyẹ yípo, òun tí kò di ayùn mú rí. Bí iṣẹ́ bá parí, àgbọ̀n á máa ro ó. Àwọn oníbàárà á ní, "Bàbá, ọwọ́ yín ò tíì yẹ̀ o." Káfíńtà á rẹ́rìn-ín, ìyàwó á máa gbálẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sọ ọ̀rọ̀ náà síra wọn rí.

Àkọ́bí wọn, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ló kọ́kọ́ fura. Ó wá kí wọn, ó na ife omi sí bàbá rẹ̀, ọwọ́ bàbá gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá, ó di òfìfo mú.

"Ife rẹ ló ń sá fún mi," bàbá wí.

"Ojú yín ni, Bàbá," ọmọ wí. Nígbà tó fi máa padà wá lọ́jọ́ Àìkú, ó mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, tó ya ẹja sí.

"Bàbá, ẹ gé e lójú mi. Bí ẹ bá gé e, n ò ní sọ̀rọ̀ ojú mọ́ láyé. Bí ẹ ò bá lè gé e, màá gbé ẹ̀rọ yìí lọ, a ó sì jọ lọ rí dókítà."

"Ìyá wọn," káfíńtà wí, "fa àpótí ẹ wá. Ọmọ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́."

Ó tan ẹ̀rọ. Ìyàwó gbé ẹnu sún mọ́ pákó. Ìrù ẹja yọ, kò yẹ̀. Wọ́n gé ikùn rẹ̀ yípo, wọ́n dé ẹ̀yìn. Ọmọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá òsì. Kò wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ẹnu ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Màámi."

Ìyá ń fẹ́ ẹ lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé orí ẹja.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ń fẹ́ ibi tí kò sí lẹ́búlẹ́bú?"

Bí ìyàwó bá dákẹ́, ọmọ á mọ̀. Ó yíjú sí i.

"Bàbá rẹ ń ríran dáadáa," ó ní.

Gbólóhùn yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tòun ti gbogbo èémí tó ti fà sínú. Ó gba orí ọwọ́ òsì káfíńtà kọjá, ó le ju bó ṣe máa ń fẹ́ ẹ lọ. Káfíńtà ṣe bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó yí pákó sósì bìrí, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ̀lé pákó wọnú ayùn.

Ohùn ẹ̀rọ yí padà. Káfíńtà kò pariwo. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ lójú ìlà, ó ń bo ẹja.

"Ìyá wọn," ó wí jẹ́jẹ́, "ibo lo lọ?"

Ọmọ ló sáré pa ẹ̀rọ.

Wọ́n rán àtàǹpàkò náà, ṣùgbọ́n ayùn ti já iṣan rẹ̀, kò lè tẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Ó tan iná sí ẹyinjú káfíńtà, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó wá bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wo ìyá rẹ̀.

"Ó tó ọdún méjì," ìyàwó wí.

Dókítà ní oògùn wà tí ì bá dá a dúró nígbà náà. Èyí tó ti lọ ti lọ. Ọmọ kò bá ìyá rẹ̀ wí. Ó kàn jáde, ó lọ dúró síta títí wọ́n fi ṣe tán.

Ọmọ gbé ẹ̀rọ lọ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ti wà hàn nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mẹ́rin, wọ́n mọ́ tónítóní láàárín lẹ́búlẹ́bú. Ìyàwó kò gbá ibẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó po tíì fún ọkọ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Tíì náà gbóná. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń fẹ́ ẹ.

Ọwọ́ káfíńtà tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rọra ń ti nǹkan tí kò sí níbẹ̀ síwájú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò gan síta. Ó ṣe díẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ó fa ọwọ́ náà padà, ó tì í bọ abẹ́ tábìlì.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀."