Ọ̀pá Ìpẹja tí Lorna Ṣe

Ẹja ti gbé ìjẹ mì. Ọ̀pá ìpẹja tẹ̀ kọrọdọ lójijì, okùn sì ń sá lọ fìrì sínú ibú. Lorna Kivela fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín òkúta odò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ńṣe ló ń dá rẹ́rìn-ín.

Rudy ọkọ rẹ̀ da kọfí tó ń mu nù, ó sáré bọ́ sómi. Ó ní kó gbé ọ̀pá náà wá kíá, kí òun bá a fà á. Lorna kò gbé e fún un.

Ẹ má tíì bá Rudy wí o. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyàwó rẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún Lorna kò ti lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Ife omi gan-an ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀pá kan ní ṣọ́ọ̀bù tó bá ọwọ́ náà mu. Ni Rudy bá ní kó fi ẹja pípa sílẹ̀, kó kúkú máa jókòó ti oúnjẹ létí odò. Obìnrin tó ti ń pẹja láti kékeré! Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun.

Ló bá ra ọ̀pá lásán, èyí tí kò ní nǹkankan lára, ó gbé e sínú gáréèjì tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí nílé. Ní gbogbo ìgbà tí yìnyín fi bo Duluth, ìlú tí wọ́n ń gbé, ó ń gbẹ́ kọ́ọ̀kì, èèpo igi tó fúyẹ́, díẹ̀díẹ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá náà, títí ìdí ọ̀pá náà fi gùn dé ìgúnpá rẹ̀. Ó fi awọ ṣe okùn tí yóò máa dì í mọ́ apá. Ọwọ́ òsì ló fi wé òwú mọ́ ẹsẹ̀ àwọn òrùka tó tò sára ọ̀pá, tí okùn ìwọ̀ ń gbà kọjá, eyín ló fi ń fà á le, kó tó wá fi gúlù tó máa ń le gbagidi tó sì ń dán bò ó. Nígbà tí Rudy rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé igi ìgbálẹ̀ nìyẹn.

Ní báyìí, ẹja tó wà lẹ́nu ìwọ̀ náà fò sókè, ó tún já wọ omi. Ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́.

"Ó ń kán lọ yẹn," Rudy wí. "Jọ̀ọ́, gé okùn náà kó tó ṣe ẹ́ léṣe."

"Kò kán. Gúlù ló ń sán lẹ́sẹ̀ òrùka. Ọ̀pá tuntun máa ń ké bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Èmi tí mo ṣe é ni mò ń sọ fún ẹ. Lọ mú àwọ̀n wá."

Rudy lọ mú un wá. Lorna fi ìgúnpá ti ìdí ọ̀pá, ó ń fọwọ́ òsì ká okùn. Bí ẹja bá sá, á jẹ́ kó sá. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á fà á bọ̀. Apá ń ro ó gan-an, àmọ́ ọ̀pá náà kò yẹ̀ lápá rẹ̀ rárá. Nígbà tó yá, ẹja ńlá náà wọ inú àwọ̀n.

Rudy kúnlẹ̀ sínú omi tútù, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, ó gbójú sókè wo Lorna. Kò rántí ìgbà tó béèrè èrò obìnrin yìí létí odò gbẹ̀yìn.

"Báwo la ṣe máa ṣe é, Lorna? Ẹran ara rẹ̀ pọ̀ o."

"Tú u sílẹ̀," ni Lorna wí, ó ti ń fi ìjẹ mìíràn sẹ́nu ìwọ̀. "Ọ̀pá mi ti yege. Màá pa òmíràn."