Irin Tí Mo Fi Ẹ̀yìn Rẹ̀ Síwájú

Inú mi máa ń tètè bí. Bàbá mi náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi tún le jù, torí ọgbọ̀n ọdún ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì l'Ìjẹmọ̀, mo sì ti fọkàn ara mi balẹ̀ pé Láwàlì kì í ṣàṣìṣe.

Ọ̀gá Ọládiméjì ló gbé jíìpù rẹ̀ wá bá mi. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe l'Ékòó, ṣùgbọ́n ó ní oko ẹ̀gẹ́ ní Wásinmi, bí òjò bá sì ti rọ̀, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà a máa ha ilẹ̀. Ó ní kí n bá òun gbé e ga. Mo pààrọ̀ sípíríìnì, mo sì ki irin kan sáàárín sípíríìnì àti dífù ẹ̀yìn, ìyẹn irin ńlá tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Apá kan irin yẹn nípọn, apá kejì fẹ́lẹ́. Bí ọkọ̀ bá ga, imú dífù a máa tẹ̀ wálẹ̀. Irin yẹn ló máa gbé imú náà padà sókè, kí pùròpẹ́là tó ti ìdí gíà wá lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọkọ̀ jáde, ó ń gbọ̀n. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kúrọ́ọ̀sì fọ́, ìyẹn irin kékeré ẹlẹ́nu mẹ́rin tó so pùròpẹ́là mọ́ dífù. Mo ra òmíràn lọ́wọ́ Àlímátù, ó fọ́. Mo tún ra ẹ̀kẹta, ó tún fọ́.

Àlímátù ló jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo àwa mẹkáníìkì àdúgbò ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo mú kúrọ́ọ̀sì tó fọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí èrò kún, mo sọ ọ́ sórí tábìlì rẹ̀.

"Fééèkì lò ń tà," mo ní. "Bàbá rẹ ò ta irú èyí rí."

Ó wo kúrọ́ọ̀sì, ó wò mí. "Bọ̀ọ̀dá Láwàlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bí dífù yẹn ṣe kọjú ná. Mẹ́ta kì í fọ́ léra wọn báyìí."

Ibẹ̀ gan-an ni orí mi ti gbóná. Ẹni tó ń ta ọjà fẹ́ kọ́ èmi níṣẹ́. Mo ní kó máa ka bóòtì àti nọ́ọ̀tì inú ike rẹ̀, kó fi abẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo tún ní wàláhì, iṣẹ́ tèmi pé.

Láti ọjọ́ náà, àwọn mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá lọ ra ọjà níbòmíràn. Mo ń rí i tó ń jókòó lásán láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní ohun tó wá ló rí.

Kúrọ́ọ̀sì tí mo rà níbòmíràn náà fọ́. Ìtòrì ló fọ́ sí. Mo mú tuntun dání, mo lọ bá Ọ̀gá Ọládiméjì lẹ́bàá títì, mo tẹ́ páálí, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo nǹkan hàn. Dífù dorí kọ ilẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Mo wá wo irin tí mo ki sáàárín. Apá tó nípọn, tó yẹ kó wà lẹ́yìn, iwájú ló wà. Àmì ṣọ́ọ̀kì tí mo fọwọ́ ara mi fà sí i ṣì funfun lára rẹ̀.

Ojú tì mí débi pé mi ò fẹ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀ mọ́. Wàláhì tí mo pè yẹn ló ń dún létí mi.

Ọ̀gá Ọládiméjì bẹ̀rẹ̀ wò mí. "Ṣé kúrọ́ọ̀sì náà tún ni?"

"Rárá, ọ̀gá. Èmi ni."

Mo tú irin náà, mo yí i padà, mo fi kúrọ́ọ̀sì tuntun sí i. A wakọ̀ dé Abẹ́òkúta, kò gbọ̀n rárá. Bó ṣe ń lọ jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti dé ṣọ́ọ̀bù Àlímátù kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn ládùúgbò. Ẹ mọ ìdí tí mo fi tètè lọ. Ó ń gbálẹ̀.

"Ìyá Ameenah," mo fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, "mo ṣẹ̀ ọ́. Èmi ni mo fi irin sódì, ọjà rẹ dára. Jọ̀ọ́, má bínú."

Kò dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ọlọ́run á foríjì wá, Bọ̀ọ̀dá Láwàlì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bú mi, ṣé àwa méjì péré la wà níbí?"



Ó fa bẹ́ǹṣì kan sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ jókòó. Àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà ò ní pẹ́ gba ibí kọjá."

Mo jókòó. Olúbọ̀dé tó ń jó irin lódìkejì títì ló kọ́kọ́ dé. Ó kí wa, ó wá tẹ̀ sí etí mi.

"Kí lẹ wá ṣe níbí? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé fééèkì lobìnrin yìí ń tà ni?"

Ọ̀rọ̀ tèmi ló ń sọ fún mi, bó ṣe jáde lẹ́nu mi gẹ́lẹ́. Àlímátù gbọ́ ọ, kò gbójú sókè, ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo dìde.

"Olúbọ̀dé," mo ní, "bá mi pe gbogbo àwọn tó gbọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn wá."