Àgbélébùú Orí Ẹyin Zambeta

Argyris, ọkọ ọmọ mi, fíríìjì ló ń tún ṣe ní ìlú Volos. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń bá àwọn ènìyàn wá òtútù. Ìdí nìyí tí ẹ̀rín fi fẹ́ pa mí lọ́jọ́ tó gbé àpótí funfun kan tí wọ́n fi ń kó ẹja tútù wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi, tó ní ooru lòun fẹ́ fi ṣe.

"Ìwọ wo, Argyris? Ìwọ tí ò lè gbé ìkòkò kaná?"

"Màmá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹyin Zambeta la fẹ́ kó sí i."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Zambeta ni ìjàpá tí Fotis, ọkọ mi, gbé wálé lọ́dún tí a bí Tasoula ọmọ wa. Ọdọọdún ló ń yé ẹyin sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé, ọdọọdún ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ń hú wọn jẹ. Fotis fi wáyà ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká, ó to òkúta lé e, pàbó ló já sí. "Kí n ṣáà rí ọmọ rẹ̀ ẹyọ kan péré, Stamata," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó kú ní oṣù kejì ọdún tí Argyris gbé àpótí yìí wá, láì rí i. Mo fẹ́ bá a rí ẹyọ kan yẹn. Kò sí ohun mìíràn tí ọkàn mi ń fẹ́ lọ́dún yẹn.

Argyris da omi sínú àpótí náà, ó gbé bíríkì méjì sínú omi, ó sì ki ọ̀pá iná kékeré tí àwọn tó ń sin ẹja nínú ilé fi ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ó tẹ́ àwọ̀n irin sórí bíríkì, ó gbé àwo yanrìn lé e. Gíláàsì ló fi bò ó, ó sì ti ègé igi ólífì bọ abẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan kí gíláàsì náà lè ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìrì tó bá gbá jọ lára rẹ̀ má baà kán sórí ẹyin. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi tan iná sí àpótí òfìfo, tó ń wo òṣùwọ̀n ooru bí ẹni tí wàrà ẹ̀ fẹ́ hó dànù, títí tó fi dúró sí dígírì méjìlélọ́gbọ̀n.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ni Zambeta yé mẹ́fà. Oko tòmátì ni mo wà. Nígbà tí mo fi dé, Argyris ti fi ṣíbí hú wọn, ó ti kó wọn sórí yanrìn, ó sì ti fi pẹ́ńsù sàmì àgbélébùú sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì òun àti Tasoula padà sí Volos.

"Màmá, ẹ ṣáà máa wo omi," ló wí kó tó wọ mọ́tò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ o. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń gbé ẹyin fún adìẹ sàba. Ní abúlé wa, a máa ń fi èédú sàmì àgbélébùú sára ẹyin kí ìbùkún lè wà lórí rẹ̀, kí a sì lè mọ bá a ṣe ń yí i: láàárọ̀ àgbélébùú á wà lókè, nírọ̀lẹ́ á wà nísàlẹ̀. Ta ni ò mọ̀yẹn? Mo ní, áà, ọmọ ìlú ńlá yìí kúkú lọ́gbọ́n! Jáàmù tí mò ń sè lọ́sẹ̀ náà ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo fọ ọwọ́ mi, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn. Mo ti yí mẹ́rin nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Argyris àti Tasoula ti dé láti Volos fún òpin ọ̀sẹ̀.

"Yéè! Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹyin ni mò ń yí. Ṣé o ò rí àgbélébùú tí ìwọ fúnra rẹ sàmì ni?"

"Kí n lè mọ òkè ni! Ẹyin ìjàpá kì í ṣe ẹyin adìẹ, ẹ kì í yí i! Ọmọ inú ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ òkè. Bẹ́ ẹ bá dorí ẹ̀ kodò, kíkú ló máa kú."

"Ta ló wí fún mi? Wo omi lo ní kí n wò. Mo wo omi. Ṣé omi ló máa sọ fún mi ni?"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́ o," ni Tasoula ń wí láti orí àtẹ̀gùn.

Argyris yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà jẹ́jẹ́, ó fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ àgbélébùú wọn. Ó ní méjì tí kò nílà nìkan ni ká máa retí. Mo gòkè lọ sí ilé ìdáná, mo sì sunkún. Mo ní, Fotis, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ọdún yìí, èmi ni.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jí, àpótí ni mo kọ́kọ́ ń kí. N kò fọwọ́ kan ẹyin kankan mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù keje, òjò oníyìnyín dé, iná lọ, òtútù sì gba yàrá ìsàlẹ̀ kan. Argyris gbọ́, ó pè mí láti Volos.

"Màmá, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n o! Tó bá ti gbóná jù, ó parí!"

"Gbé fóònù sílẹ̀, ọmọ yìí. Mo ní ìka."

Omi tí mo fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì láti ìgbà ọmọge mi ni omi yẹn: tí o bá ti ìka kékeré bọ̀ ọ́, o ò ní mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Mo dà á sínú àpótí díẹ̀díẹ̀, mo fi kúbùsù onírun àgùntàn tí mo fi ń bo búrẹ́dì bò ó. Wákàtí márùn-ún ni mo fi jókòó tì í. Nígbà tí iná dé, méjìlélọ́gbọ̀n ni òṣùwọ̀n kà.

Mo pe Argyris, mo kà á fún un, ó ní: "Màmá, ìka yín dára ju ẹ̀rọ mi lọ."

"Mo mọ̀," ni mo dá a lóhùn.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, ọjọ́ àjọ̀dún Ìyá Olúwa, gbogbo wa ti wọ aṣọ, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù. Mo ní kí n yọjú wò wọ́n kí a tó máa lọ. Ẹyin kan ti sán. Imú kékeré kan wà lẹ́nu ihò náà, ó ń mí.

Mo tẹjú mọ́ ọn, ni mo bá figbe ta.

"Argyris! Tasoula! Onílà ni! Onílà ni!"

Argyris sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. A ò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyá Olúwa á forí jì wá, òun náà bímọ. Ọmọ náà jáde tán kí ọ̀sán tó pọ́n, èèpo tó ní àgbélébùú àti ìlà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Kó tó di àṣálẹ́, onílà méjì tún jáde, àti aláìnílà kan. Argyris gbá mi mọ́ra títí mo fi ní kó má dá mi légungun.

"Fotis lorúkọ àkọ́kọ́," mo wí.

"Màmá, nínú ooru tá a fi pa ẹyin wọn yìí, abo ló máa ń pọ̀ jù."

"Fotini nìyẹn, Fotis obìnrin. Kí ló le níbẹ̀?"

Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kò wúwo ju ẹyọ ọ̀pọ̀tọ́ kan lọ, mo gbé e lọ síwájú fọ́tò ọkọ mi. Mo ní, "Ẹyọ kan péré lo ní o fẹ́ rí, bàbá. Wá wò ó, mẹ́rin ni."