Kẹ́tù Tí Nàfíù Fi Pamọ́ Fún Tíṣà

Ìfura loògùn àgbà, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Àmọ́ bí Nàfíù tó ń yọ́ àlùmíníọ̀mù ní Dópẹ̀mú ṣe ń lo oògùn náà lọ́dún 1997, kò sí dókítà tó máa gbà fún un. Tó bá ra búrẹ́dì, á yí i padà wo ìdí ẹ̀. Tí wọ́n bá bá a ná ọjà tí wọn ò bá a jiyàn, kò ní í sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. A ò ní dá a lẹ́bi pátápátá ṣá. Lọ́dún mẹ́ta ṣáájú, ó ṣe abọ́ ọṣẹ kan tí omi kì í dúró sí. Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ mú un lọ fi han ọ̀gá òun, ó sì mú un lọ ráúráú. Kí ọdún tó yí po, abọ́ ọṣẹ Nàfíù ti wà lórí àtẹ káàkiri, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ohun tó wá wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí ju abọ́ ọṣẹ lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá ẹ̀, Mọ̀dínátù, lápá ọ̀tún, kò sì lè gbé kẹ́tù àlùwàlá mọ́. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni ẹlòmíì ń da omi fún un. Ó ń dun ìyá náà, ó sì ń dun ọmọ ẹ̀ jù ú lọ. Nàfíù bá jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣe kẹ́tù kan tí èèyàn ò ní í gbé. Ó gbé e kọ́ sáàárín ẹsẹ̀ irin méjì tó dúró sílẹ̀. Tó o bá fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, á tẹ̀ síwájú, á da omi. Tó o bá fi í sílẹ̀, á padà sáyè ẹ̀ bíi jáńgílófà. Gbogbo àṣírí ẹ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti di ikùn kẹ́tù mú, ínṣì mẹ́rin ààbọ̀ láti ìsàlẹ̀. Tó bá lọ sókè jù, kò ní í tẹ̀. Tó bá wá sílẹ̀ jù, á dojú dé. Oṣù mẹ́ta ló fi wá ibẹ̀ rí.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun èlò rọ́bà n'Ìkẹjà gbọ́ nípa kẹ́tù yìí, wọ́n ní kó gbé e wá. Nàfíù ní òun ò gbé kẹ́tù òun fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó mú àwòrán wá, àwòrán tó máa fi hàn wọ́n bó ṣe máa rí tí wọ́n bá fi rọ́bà ṣe é, kó sì kọ gbogbo ìwọ̀n ẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà lè ya ohun tí wọn ò tíì ṣe, kó rí bí èyí tí wọ́n ti ṣe. Ẹlòmíì á wá ẹni tó mọ̀ ọ́n yà. Nàfíù ní òun fúnra òun lòun máa kọ́ ọ, kí ojú tó máa rí i má bàa pọ̀.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Ìbíyẹmí nìyẹn. Ọmọ Èkìtì ni, ìyàwó olùkọ́, ó ní kọ̀ǹpútà méjì àti jẹnẹrétọ̀ kan nínú yàrá kan l'Ẹ́gbẹ́dá, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Ọwọ́ Nàfíù tí kì í gbọ̀n tó bá ń da àlùmíníọ̀mù gbígbóná wá ń gbọ̀n lórí máòsì. Àmọ́ ó tẹra mọ́ ọn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ̀rọ sì yí i po kó di odindi ikùn kẹ́tù. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún un láwọ̀, bí wọ́n ṣe ń tan iná sí i látẹ̀gbẹ́ kí òjìji ẹ̀ lè sùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ya àwòrán náà, ó sì lè gbà á ní wákàtí mẹ́fà. Ìbíyẹmí ní kí wọ́n jẹ́ kó jiná.

Nígbà tí wọ́n dórí ìwọ̀n, níbi tó yẹ kí Nàfíù tẹ mẹ́rin ààbọ̀, ínṣì mẹ́ta ló tẹ̀. Ó rò ó lọ́kàn pé ẹni tó bá jí àwòrán náà á fi omi da ilé ara ẹ̀ rú. Tí ilé-iṣẹ́ bá ti fọwọ́ síwèé, òun á wá sọ òótọ́. Inú ẹ̀ dùn sí ọgbọ́n yìí ju kẹ́tù lọ.

Ìbíyẹmí wo àwòrán náà títí. Ó béèrè bóyá ibi tẹ́sẹ̀ wà yẹn dá a lójú. Nàfíù ní ó dá òun lójú. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún béèrè. Nàfíù dáhùn bákan náà, àmọ́ ó ti ń fura. Kí ló fẹ́ fi ibi tẹ́sẹ̀ wà ṣe? Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní tí kò bá ní í bínú, ṣé òun lè wá wo kẹ́tù náà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Dópẹ̀mú. Látọjọ́ yẹn, Nàfíù ò fi nǹkan kan sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ obìnrin náà mọ́. Á kó iṣẹ́ ẹ̀ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, á pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, á sì tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ̀rọ bá ń yàwòrán lọ́wọ́, á jókòó tì í. Kódà ó ń kírun nínú yàrá náà, ojú ẹ̀ kan sì wà lára kọ̀ǹpútà. Ọlọ́run ló mọ irú ìrun tó jẹ́.

Lọ́jọ́ tí àwòrán náà máa parí, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun ń lọ ra oúnjẹ, òjò bá dá a dúró ní Akówọnjó. Nígbà tó padà dé, kẹ́tù ti jókòó sójú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ewé, ó ń dán gbinrin. Inú ẹ̀ dùn, ó sún mọ́ ọn. Ìgbà náà ló rí fèrèsé kan lára ikùn kẹ́tù, fèrèsé onírin gbọọrọ mẹ́fà, bí òjìji ilé ṣe máa ń hàn lára nǹkan dídán. Ó yíjú wo fèrèsé yàrá tí wọ́n wà. Kò ní irin kankan. Ẹ̀jẹ̀ ru bò ó lójú.

"Ilé ta ni fèrèsé yìí?" ló béèrè. "Ta lo gbé kẹ́tù mi fún tó fi ṣe é, tẹ́ ẹ gbé e síwájú fèrèsé, tẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀?"

Fàúsátù, ọmọbìnrin kan láti Bàrúwà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ìgò ìpara, wà níjòókòó. Iwájú ẹ̀ ni Nàfíù ti pe tíṣà ní olè, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló pè é. Ìbíyẹmí jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó yọ fèrèsé náà kúrò, ó ní kí ẹ̀rọ tún kẹ́tù náà yà ní kékeré. Ó jáde ní dúdú, ó kú, ó dà bí amọ̀. Ó ṣàlàyé pé nǹkan dídán gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa hàn lára ẹ̀ kó tó lè dán, ìdí nìyẹn tí òun fi gbé àwòrán fèrèsé kan síwájú ẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Nàfíù ní ó dáa, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ò tíì gbà. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún òun, ó kó dísíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó pa tinú kọ̀ǹpútà rẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ.

N'Ìkẹjà, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Simeon gba àwòrán náà, gbogbo wọn sì ń yí i lọ yí i bọ̀. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ méje òní. Nàfíù rò pé ìwé ni wọ́n máa fọwọ́ sí. Ó débẹ̀, ó rí i pé káfíńtà wọn ti fi igi gbẹ́ kẹ́tù náà ní ìwọ̀n tó kọ. Simeon bu omi kún un. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí kẹ́tù náà fi dojú dé, omi kún orí tábìlì, ó ṣàn sórí ìwé àwọn èèyàn. Nàfíù sáré ní ìwọ̀n yẹn kọ́ ni, òun mọ̀ọ́mọ̀ fi tòótọ́ pamọ́ ni, torí àwọn olè.

Simeon ń fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́. "Alàgbà," ló wí, "ẹ parọ́ fún àwòrán tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yà. Tá a bá wá bá yín fọwọ́ síwèé, èwo la máa gbà gbọ́?" Ó ní kó mú èyí tó pé wá kí oṣù tó parí, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á gbà pé kò sí kẹ́tù kankan.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí Nàfíù mọ̀ ọ́n lò wà l'Ẹ́gbẹ́dá. Ó lọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rojọ́ ẹ̀ tán pátá, tó fi mọ́ ínṣì mẹ́ta tó fi ẹ̀tàn tẹ̀. Ìbíyẹmí gbọ́ ọ tán, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Kẹ́tù náà yọ sójú ẹ̀. Nàfíù rí ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì: mẹ́rin ààbọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n yà á wà nísàlẹ̀. Ó ti lé ní oṣù kan.

"Agolo mílíìkì ni mo fi dán an wò nílé," ni Ìbíyẹmí wí. "Mo rí i pé tiyín máa ṣubú, pé mẹ́rin ààbọ̀ ló máa dúró. Mo tún un yà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè lọ́wọ́ yín, Bàbá. Tí mo bá dárúkọ iye ẹ̀ fún yín, ẹ máa ní mo wá jí i wò ní ṣọ́ọ̀bù yín ni."

Nàfíù béèrè ẹni tó ti rí i. Ìbíyẹmí ní òun nìkan. Yàrá yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́ gidi, àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, síbẹ̀ ó fi í pamọ́ fún gbogbo wọn. Ojú ti Nàfíù. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àgbà tó tó bí i lọ́mọ.

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀ mí," ni obìnrin náà wí. "Mo máa tẹ̀ ẹ́ fún yín lónìí. Àmọ́ Fàúsátù ò wá mọ́ látọjọ́ yẹn, ìyá ẹ̀ ní òun ò fọmọ òun sọ́dọ̀ ẹni tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ lọ."

Lọ́sàn-án gangan, Nàfíù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Bàrúwà. Ìyá Fàúsátù ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó béèrè ẹni tó rán an wá. Ó ní òun ti gbọ́ nípa tíṣà yẹn, ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló fi ojú ara ẹ̀ rí olè jíjà náà.

"Èmi lẹni náà," ni Nàfíù wí. "Mi ò rí nǹkan kan. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn."

Obìnrin náà ò ṣílẹ̀kùn ju bó ṣe wà lọ. Ó ní kó tún un sọ, kó sọ̀rọ̀ sókè, kí àwọn tó wà nínú ilé lè gbọ́.