Gbogbo Pọ́ọ̀pù Tí Àǹtí Mọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ eré orí rédíò, ẹ kì í bèèrè ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ á kàn gbọ́ "gbàm", ẹ á ní bàbá ti wọlé. Bàbá kankan ò wọlé o. Obìnrin kan ló dúró nídìí tábìlì nínú yàrá tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, tó bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀, tó ń fi agolo, bébà àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ parọ́ fún gbogbo ìlú. Aláriwo ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó dákẹ́ tó o nílé.

Ọ̀rọ̀ èèbó kan wà tó máa ń bí i nínú: pọ́ọ̀pù. Òǹkọ̀wé eré wọn á kàn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, á bá tirẹ̀ lọ, bí ẹni pé ó ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣí ìgò: pọ́ọ̀pù. Bàlúùnù bẹ́ lọ́wọ́ ọmọ: pọ́ọ̀pù. Àgbàdo ń ta nínú ìkòkò, eegun èjìká yẹ̀, ìbọn dún lókèèrè: pọ́ọ̀pù náà ni. Aláriwo ló kù tí yóò mọ èyí tí wọ́n ń wí. Fún ìgò, á ki ìka bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á fà á yọ: pó. Fún bàlúùnù, á fẹ́ atẹ́gùn kún àpò bébà, á gbá a: pàù. Ti eegun ló le jù. Kárọ́ọ̀tì ló ń fi aṣọ tútù wé kó tó ṣẹ́ ẹ, tí ara gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á sì gbọ̀n rìrì.

Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí òǹkọ̀wé lo ọ̀rọ̀ náà fún ọkùnrin kan tó fẹ́ yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wéré, nítorí èèbó ń pe ìyẹn náà ní pọ́ọ̀pù. Aláriwo tú gbogbo àpótí rẹ̀ kó tó tún ìwé náà kà.

"Ẹ gbà mí o! Irú àlejò wo ló ń yà sílé èèyàn tó ń dún pó? Ṣé ọtí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ fi gba ẹ̀rín mọ́ eré.

Ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì, tó ń gba gbogbo ariwo yìí sílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó ṣì ń rákòrò. Aláriwo ló pọ̀n ọ́n, òun ló rán an níléèwé, òun náà ló bẹ ọ̀gá ilé iṣẹ́ títí wọ́n fi gbà á. Àǹtí ló ń pè é, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ò bá yá, Màámi ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ náà wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká jókòó gba gbogbo pọ́ọ̀pù yín sílẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà wọn."

Ìyá àgbà! Inú Aláriwo dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ó ṣe èyí tí wọ́n bèèrè, ó ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè rí. "Ẹ tún un ṣe, Àǹtí." Á tún un ṣe. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó nínú, kò sọ fún ẹnì kankan.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ó bá tábìlì rẹ̀ ní ọ̀nà ìta, wọ́n ti to ife tíì sórí rẹ̀. Ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn gíláàsì. Ọmọ rẹ̀ fìka tẹ bọ́tìnnì kan: pó. Ẹnu Aláriwo sì wà ní pípadé.

"Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó," ni ọ̀gá wí, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ sinmi nílé. Ọmọ yín ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ fún wa. Òun ni olórí ẹ̀ka yìí báyìí."

"Ìwọ?" ni Aláriwo bi í.

Kò gbójú sókè. "Àǹtí, bí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é."

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Aláriwo kó bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ sílé. Iṣẹ́ tó bọ́ kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó dùn ún ni pé ìfẹ́ ni ọmọ náà pe ohun tó ṣe fún un.

Ọmọ náà wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Màámi, ẹ má bínú. Mo ṣẹ̀ yín." Aláriwo fẹ́ le, kò lè le. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ẹkún tí kò sun rí lójú ẹnikẹ́ni. Ó nàka sí ìta, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìdè ilẹ̀kùn náà kọ́kọ́ ké bí ewúrẹ́ kó tó dún gbàm.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni ò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ rọ̀. Ó ṣáà wá bẹ̀ mí, ó ní. Ó pinnu láti pè é. Eré wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní kí òun gbọ́ ọ, kóun lè rí nǹkan yìn. Ó tan rédíò, ó tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀.

Nínú eré náà, ìyá kan ń lé ọmọ rẹ̀ jáde. Ẹkún rẹ̀ kọ́kọ́ há sọ́fun, ó wá tú. Aláriwo mọ ẹkún yẹn: tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdè ilẹ̀kùn ké bí ewúrẹ́, ó sì dún gbàm.

"Àǹtí?" Ọmọ náà ti gbé fóònù. "Ẹ̀yin ni? Àǹtí, ẹ sọ̀rọ̀ o."

Aláriwo kó etí aṣọ rẹ̀ sẹ́nu, ó fi eyín dì í mú, kí ẹkún èyí náà má baà bọ́ sí ọmọ náà lọ́wọ́.