Ìrù Téèpù

"Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, Bàámi," ni ọmọbìnrin Rewáyà wí láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù síta. "Ẹ ṣáà máa wo mítà."

Rewáyà, tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tẹjú mọ́ mítà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti tú orí bátìrì mọ́tò náà, wọ́n sì ti ki ẹnu mítà bọ ojú ihò tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò. "Ọgọ́ta," ó ní. "Ọgọ́ta náà ló wà. Mo ti sọ fún ọ pé wáyà kọ́ ló ń ṣe é."

"Ẹ máa wò ó."

Ọmọ náà di ìdì wáyà tó gba abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ kọjá mú, ó mì í. Nọ́ńbà ojú mítà fò sókè, ó di ọgọ́fà. Ó tún mì í, ó padà di ọgọ́ta. Ó mì í lẹ́ẹ̀kẹta, ọgọ́fà tún dé.

Rewáyà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Nínú mọ́tò òde òní, orí wáyà tín-ín-rín méjì kan tí wọ́n lọ́ mọ́ra ni gbogbo kọ̀ǹpútà kéékèèké inú ọkọ̀ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, ti ẹ́ńjìnnì, ti búréèkì, ti dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí wáyà méjèèjì bá pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọgọ́ta ni mítà ń kà. Bó bá ti ka ọgọ́fà, ó ti já níbì kan nìyẹn, àwọn kan ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ò sì gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní mítà lè rí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Rewáyà ní mítà, ó ti ní in tipẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún gan-an ni kò ní lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọjọ́ yẹn ni agbẹ̀bí tó ni mọ́tò náà kọ́kọ́ gbé e wá, ó ní gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù a máa tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì a sì kú lójijì lójú títì. Rewáyà ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà kọ ọ́ síta pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kò dáhùn, ti búréèkì náà kò dáhùn. Oníbàárà mẹ́rin ló ń dúró dè é láàárọ̀ ọjọ́ náà, ká sì sọ tòótọ́, ó fẹ́ràn kí èèyàn máa wo òun bí òun bá ń ṣiṣẹ́. Ó fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó rí i pé ó tutù. Ó bi agbẹ̀bí léèrè ibi tó ti fọ mọ́tò. Agbẹ̀bí ní ẹnu ọ̀nà ọgbà níbí náà ni, lọ́wọ́ Ìyá Onífóòmù.

Ó parí. Rewáyà pariwo títí dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyá! Ẹ ti da omi sí ọpọlọ mọ́tò onímọ́tò!"

Ìyá Onífóòmù ń lọ sí ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti ń fọ mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ọgbà àwọn mẹkáníìkì yẹn fún ọdún mọ́kànlá. Ó rọra rìn wọlé, àkísà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, mi ò da omi sínú mọ́tò rí. Àkísà ni mo fi ń nu ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì máa ń fún un kí n tó mú un wọlé."

"Àkísà wo lẹ ń fún? Ẹ wá fọwọ́ kan ibí yìí! Kọ̀ǹpútà làwọn èèyàn ń wà kiri báyìí, Ìyá, kì í ṣe agolo. Arúgbó tó yẹ kó jókòó sílé, ẹ wá ń ba mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ kiri."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága ọgbà, ẹni tí kò fẹ́ wàhálà láyé rẹ̀, ní kí Ìyá ṣì lọ sinmi nílé ná. Ìyá kó báàkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì, ó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi lé Alága lọ́wọ́, ó sì lọ. Rewáyà pààrọ̀ ọpọlọ mọ́tò, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mọ́tò fi rìn dáadáa. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kú mọ́ agbẹ̀bí lọ́wọ́ níbi tó ti ń sáré lọ gbẹ̀bí. Alùpùpù ẹni ẹlẹ́ni ló gbé e débẹ̀, orí ọmọ sì ti yọ kó tó wọlé.

Láti ìgbà náà ni mọ́tò ti ń lọ tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ Rewáyà. Ní Sátidé yìí ni ọmọ Rewáyà, tó lọ kọ́ṣẹ́ kún iṣẹ́ níbòmíràn fún ọdún kan, ní kí bàbá òun jẹ́ kí òun náà wò ó.

"Bàámi, omi ẹ̀rọ amúlétutù ló ń jò sí kápẹ́ẹ̀tì yìí," ó wí. "Ihò tó yẹ kó gbà jáde ló dí. Kò tiẹ̀ sún mọ́ wáyà rárá. Ẹ fún mi ní tọ́ọ̀ṣì."

Rewáyà na tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Mo ti rí i. Ẹnì kan ti tú ìlọ́ wáyà méjèèjì níbí, ó so nǹkan mọ́ ọn, ó wá fi téèpù wé e. Ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán nínú téèpù. Ta ni aláìnírònú tó..."

Rewáyà bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Téèpù dúdú kan ló wà lára wáyà náà, wọ́n wé e dáadáa, wọ́n sì ká òpin rẹ̀ padà sẹ́yìn, tó wá yọ síta bí ìrù ọmọ eku.

Nínú gbogbo ọgbà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ká ìrù téèpù. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Rewáyà ni ó kọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é, wọ́n kàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ti kẹ́yìn sí wọn: "Ká ìrù rẹ̀ padà, kó má baà ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lára láti tú u." Ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ ọ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Rewáyà rántí. Ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn olè fẹ́ ṣí mọ́tò agbẹ̀bí, agbẹ̀bí sì ní kó bá òun fi álààmù sí i. Ó ń kánjú lọ́jọ́ náà. Wáyà tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ló so ó mọ́. Wọ́n ti yọ álààmù náà kúrò tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú ìsopọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń jẹra díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ojú ti Rewáyà débi pé etí rẹ̀ gbóná.

"Ṣé ẹ ti rí i?" Agbẹ̀bí, tó ti jókòó dúró de mọ́tò rẹ̀, ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bọ̀.

"A ti rí i, Mà," ni ọmọ náà dáhùn.

"Ẹ ṣeun o! Kí ló wá ṣe é?"

Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀. Rewáyà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Iṣẹ́ àwọn tí kò mọṣẹ́ ni," ó wí. "Ẹnì kan ló fọwọ́ kan wáyà tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn."

"Ọlọ́run á san án fún ẹni náà."

"Àmín," ni Rewáyà wí, kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Ọmọ rẹ̀ padà sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó gé ojú ìsopọ̀ náà kúrò, ó fi òjé jó wáyà tuntun mọ́ ọn, ó lọ́ méjèèjì mọ́ra padà bó ṣe yẹ. Ó mì í títí, mítà kò kúrò lórí ọgọ́ta. Nígbà tí agbẹ̀bí wa mọ́tò rẹ̀ lọ tán, ó fi èyí tó gé náà sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀, pẹ̀lú ìrù rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kí n fi ṣe?"

"Iṣẹ́ yín ni, Bàámi. Èmi ò lè jù ú nù."

Nígbà tó di ọ̀sán, Rewáyà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó rò ó pé kóun sọ wáyà náà sínú gọ́tà, kó sì parí síbẹ̀. Ó dé etí gọ́tà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi gọ́tà tàn jẹ? Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, ọmọ rẹ̀ sì ti mọ̀. Ó fi wáyà náà sápò, ó gba ilé Ìyá Onífóòmù lọ.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé alájà méjì ni Ìyá ń gbé. Ó ń nu ilẹ̀ nígbà tí Rewáyà wọlé. Rewáyà ti ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ló tó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe omi yín. Ọwọ́ mi ló ba mọ́tò yẹn jẹ́."

Ìyá gbé àkísà rẹ̀ sílẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ yẹn tutù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni."

"Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì ọ́. Kí ni màá fi ìbínú ṣe lọ́jọ́ orí tèmi yìí? Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Kí ló dé tó o ti ilẹ̀kùn?"

Rewáyà bojú wo ilẹ̀kùn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló tì í.

"Lójú gbogbo ayé lo ti pè mí ní arúgbó tó ń ba mọ́tò jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tí mo ti ń fọ mọ́tò rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kejì, ó rí mi lójú ọ̀nà, ó yí gíláàsì mọ́tò rẹ̀ sókè. Ṣé inú yàrá yìí ló wà, tó máa fi gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ?"

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn fún un, kò sì gbé ohùn sókè rárá.

Láràárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, gbogbo àwọn ará ọgbà a máa pé jọ sábẹ́ búkà páànù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Alága sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọn kì í gbá àti irinṣẹ́ tí wọ́n ń yá tí wọn kì í dá padà. Rewáyà ti pe agbẹ̀bí lórí fóònù pé kó yà síbẹ̀, obìnrin náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ láì mọ ìdí. Ọmọ Rewáyà wà lẹ́yìn pátápátá.

"Ṣé ó ku ẹni tó lọ́rọ̀ sọ?" Alága bèèrè.

Rewáyà nawọ́ sókè.

"Ó ti dé!" ni Ọ̀gá Ọ̀dà, tó ń kun mọ́tò, pariwo. "Ta ló tún ba mọ́tò jẹ́ lónìí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Rewáyà gbé wáyà náà sórí tábìlì Alága. Ó ti ro ọ̀rọ̀ gígùn kan jọ láti àná, gbogbo rẹ̀ sì ti fò lọ. "Ta ló mọ iṣẹ́ yìí?"

Ọ̀gá Ọ̀dà mú un, ó ń yí i wò. "Ìrù téèpù! Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ìwọ ni."

"Èmi ni." Rewáyà gbà á, ó fa ìrù náà. Téèpù tú wọ̀ì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìni ẹnikẹ́ni lára, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kọ́ wọn. Wáyà tó já náà hàn, ó ti dípẹtà. "Inú mọ́tò agbẹ̀bí la ti gé e. Èmi ni mo so ó síbẹ̀. Omi Ìyá Onífóòmù kọ́. Ìyá ò ṣe nǹkan kan, mo sì bú wọn lójú gbogbo yín. Ọpọlọ mọ́tò tí mo ní ó ti bàjẹ́, kò sí ohun tó ṣe é, òní ni màá dá a padà sáyè rẹ̀." Èyí tó kù ló le jù. "Nígbà tí agbẹ̀bí bi mí lọ́jọ́ Sátidé, mo tún purọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Agbẹ̀bí ń wò ó.

"Ẹ̀yin ni mo ṣépè fún nígbà yẹn," ó wí níkẹyìn.

"Mo sì ṣe àmín."

Alága wá inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ títí, ó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi jáde, ó nà án sí Rewáyà. "Ìwọ lo lé wọn. Ìwọ ni kó o lọ mú wọn wá."

Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó dé. Rewáyà ló ru báàkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ó gbé mọ́tò tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ bá mi fọ̀ ọ́, Ìyá. Tinú tìta."

Ìyá Onífóòmù fọ ìta rẹ̀ tán, kò yára, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan inú, ó rẹ àkísà sínú omi, ó fún un. Ó tún fún un lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ ti dúró lábẹ́ búkà, gbogbo wọn ń wò ó. Ìyá náà wò wọ́n, ó wo Rewáyà, ó sì fún àkísà náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé e sókè kí wọ́n rí i pé ẹ̀kán omi kan kò já bọ́.

Ó wu Rewáyà kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dúró, ó ń wò ó, títí Ìyá fi bẹ̀rẹ̀ wọ inú mọ́tò.